Orí Kẹjọ: Ilé Tí Ọmọ Rà Lọ́wọ́ Òbí Ní Ẹ̀dínwó

Nínú orí tí ó ṣáájú èyí, a ti sọ̀rọ̀ lórí ilé títà láàárín àjèjì sí àjèjì, níbi tí olúkúlùkù ti ń ṣọ́ àpò ara rẹ̀, tí ẹni tí ń tà ń fa owó sókè, tí ẹni tí ń rà ń fà á wálẹ̀, títí ọ̀rọ̀ wọn yóò fi wọ̀. Ọjà tí a ó gbé yẹ̀wò níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀. Bí baba tàbí ìyá bá fẹ́ ta ilé rẹ̀ fún ọmọ bíbí inú rẹ̀, ẹnu òbí náà gan-an ni ẹ̀dínwó ti kọ́kọ́ ń jáde: ilé tí alágbàtà kò ní tà ní ohun tí ó kéré sí mílíọ̀nù 60 náírà lè di mílíọ̀nù 25 lẹ́nu baba, kìkì nítorí pé ẹni tí yóò san owó náà ni ó ń pè é ní baba. Mílíọ̀nù 35 tí ó dín nínú rẹ̀ kò sọnù sínú igbó. Baba ni ó fi ta ọmọ lọ́rẹ. Apá kan ọjà náà jẹ́ títà, apá kejì jẹ́ fífúnni, ohun tí ó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà nípọn ni pé àṣà àti òfin kò fi ojú kan náà wo ohun tí a tà àti ohun tí a fi tọrẹ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọ̀pọ̀ òbí tí ń ta ilé fún ọmọ wà ní ipò òkété yìí, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n láti tọrọ. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń falẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì ti sọ ilé oògùn di ibi tí ó ń náwó sí lóṣooṣù, yóò rò ó lọ rò ó bọ̀ pé kàkà kí òun máa tẹ́wọ́ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́wọ́ ọmọ, ó sàn kí òun tà fún un lára ohun tí òun ní, kí òun gba owó tí ó tó owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí òun sì máa ná an láìjíyìn fún ẹnikẹ́ni. Ìyá oníṣòwò tí ó fi èrè aṣọ títà kọ́lé, tí ó sì ti rí bí ilé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe di ahoro lẹ́yìn ikú wọn nítorí pé ọmọ márùn-ún kò lè fi ẹnu kò lórí ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe, lè pinnu pé ọwọ́ ẹnìkan ni kí tòun wà. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ọmọ ni ó ti fi páànù bo ilé náà láti ìgbà tí ó wà ní Saudi, òun ni ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, òun ni ó mọ ọgbà yí i ká. Bí baba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dín owó ilé kù fún un, gbèsè ni ó ń san, kì í ṣe ọrẹ ni ó ń ta. Ó yẹ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé baba fẹ́ràn ọ̀kan ju ìyókù lọ.

Ohun kan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn bí ó ti ń ka orí yìí lọ: ìjà tí ń ti inú irú ọjà yìí jáde kì í sábà wà láàárín ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà. Àwọn tí kò sí níjókòó lọ́jọ́ ọjà ni wọ́n ni ìjà, ọjọ́ tí baba bá sì wọ káà ilẹ̀ lọ ni ìjà náà ń jí, nígbà tí ẹnìkan ṣoṣo tí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé, "Èmi ni mo tà á, mo sì mọ ìdí tí mo fi dín in," ti sùn, tí kò sì ní jí mọ́. Ọlọgbọ́n ọmọ kì í ra ilé lọ́wọ́ baba fún etí baba nìkan. Etí àwọn tí yóò bèèrè lẹ́yìn baba ni ó ń rà á fún.

Ta ni ó ni ilé náà láti tà?

Ilé méjì ni ó wà tí ojú àlejò kò lè mọ̀ yàtọ̀. Baba ń gbé inú méjèèjì, ayálégbé ń san owó fún un nínú méjèèjì, "ilé baba mi" sì ni ọmọ ń pe méjèèjì. Èkínní ni ilé tí baba fi òógùn ojú ara rẹ̀ kọ́ sórí ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi owó rà. Èkejì ni ilé tí baba tirẹ̀ kú fi sílẹ̀ fún òun àti àwọn àbúrò òun, tí òun ń mójú tó nítorí pé òun ni àgbà. Ti èkínní kò ní wàhálà: níwọ̀n ìgbà tí baba bá wà láàyè, kò sí ọmọ kankan, ìbáà ṣe Dáwódù tí í ṣe àkọ́bí ọkùnrin, tí ó ní ìpín nínú rẹ̀, nítorí ogún alààyè kò sí, bí baba bá fẹ́, kí ó tà á, bí ó bá fẹ́, kí ó fi tọrẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí baba bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan lánàá ti di ilé ẹbí lónìí, gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹjọ́ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó láti ọdún 1908 nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, èyí tí ó dá lórí ilé tí Olóyè Mabinuori fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ti èkejì ni ó ń mú àwọn ọmọ ṣìnà. Ilé tí baba bá jogún pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ láti dá tà, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó nínú rẹ̀. Olórí ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn àgbà ẹ̀ka ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni ọjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìgbọ́ ẹnu àwọn àgbà ẹ̀ka, ọjà náà dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí a kò fi lọ̀ lè bá a lọ sí kóòtù kí wọ́n sì fọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni a dá ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní ọdún 1959, ó sì ti di òpó tí àwọn adájọ́ ń fara tì títí di òní. Ó tún kù díẹ̀: ilẹ̀ ẹbí tí baba kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí pẹ̀lú owó ara rẹ̀ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ilẹ̀ tirẹ̀. Ọmọ tí ó bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀dínwó lọ́wọ́ baba ti ra òrùlé àti ògiri. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí. Nítorí náà kí ó tó yọ kọ́bọ̀ kan, ìwé ilẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ bèèrè, kì í ṣe ìwé ilé, kí ó sì wo orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀.

Nínú ilé olórogún, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa níbí. Suberu Dawodu kú ní Èkó láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin, àwọn ọmọ náà kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe pín owó tí ó ti ara ilé wá: ṣé ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba, tàbí ní ìdí-igi, kí a pín in sọ́nà mẹ́rin ní iye ìyá tí ó bímọ? Ẹjọ́ náà rìn láti Èkó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ó sì di ọdún 1962, ìdí-igi ni wọ́n ní kí ó dúró gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá. Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọjà wa. Bí ọmọ ìyá kan bá ra ilé baba ní ìdajì owó, kì í ṣe àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bínú, nítorí ilé ṣì wà nídìí igi wọn; àwọn ìdí-igi mẹ́ta yòókù ni yóò máa ṣírò ohun tí ì bá kàn wọ́n. Mo sì gbà pé wọn kò jẹ̀bi tí wọ́n bá ṣírò rẹ̀. Baba kan náà ni ó bí gbogbo wọn.

Owó tí a san, owó tí a kò san

Ilé-ẹjọ́ kì í gbé owó ọjà sórí ìwọ̀n láti wò bóyá ó tó tàbí kò tó. Bí àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé bá sọ pé òun ta ilé òun ní mílíọ̀nù 2, tí a kò sì tàn án, tí a kò sì fi agbára mú un, ó ti tà á nìyẹn. Kì í ṣe kíkéré owó ni ó ń ba irú ọjà yìí jẹ́, àìsan án tán ni.

Lábẹ́ àṣà wa, bí ó ti hàn nínú ẹjọ́ Folarin àti Durojaiye tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dá ní ọdún 1988, ìgbà tí a bá san owó, tí a sì mú ẹni tí ó rà wọ inú ilé tàbí ilẹ̀ náà níṣojú ẹlẹ́rìí, ni ọjà dúró. Ní ọdún 1997, nínú ẹjọ́ Odusoga àti Ricketts, ilé-ẹjọ́ kan náà là á yé wa pé ẹni tí ó san díẹ̀ tí ó ku díẹ̀ kò tíì ra ohunkóhun, ìbáà tilẹ̀ ti máa gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ ro ti ọmọ tí ó wà ní Houston, tí òun àti baba rẹ̀ jọ fohùn sí mílíọ̀nù 25, tí ó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù tọkàntọkàn, tí baba sì dákẹ́ lójijì nígbà tí ó ku mílíọ̀nù 6. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ náà kì í ṣe ilé. Ẹ̀tọ́ láti bèèrè owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹbí ni, ta ni nínú ẹbí ni yóò sì san án? Ìdí nìyí tí mo fi ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kàkà kí wọ́n dá owó tí ọmọ yóò máa san fún ọdún mẹ́wàá, kí baba tún dín in wálẹ̀ sí iye tí ọmọ lè kó kalẹ̀ lóòjọ́, kí wọ́n sì kọ ìyókù sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn tí baba fi tọrẹ tí ọmọ sì gbà. Mílíọ̀nù 10 tí a san tán lónìí fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ju mílíọ̀nù 25 tí ó ku díẹ̀ lọ.

Àwọn kan a máa kọ odidi owó ojú ọjà sínú ìwé, wọ́n á ní baba ti gbà á pé, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé ìlàjì rẹ̀ kò wọlé. Wọ́n rò pé ìwé náà yóò níyì. Èmi kò rí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ báǹkì wà níbẹ̀ tí yóò tú u, ìwé tí a bá sì ti bá irọ́ kan nínú rẹ̀, adájọ́ kì í tún fi ojú rere wo ìyókù.

Ojú ẹlẹ́rìí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó dára jù, ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn tí ń bọ̀ láti òkèèrè ti dé. Kí baba jókòó sórí àga rẹ̀ nínú pálọ̀ ilé tí a fẹ́ tà gan-an, kí ìyá wà níbẹ̀, kí ọmọ gbogbo wà níbẹ̀, ẹni tí ó wà lókè òkun kí ó wà lórí fóònù, kí a sì ké sí ẹnìkan láti inú ẹbí baba, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n, àti aládùúgbò tí ó mọ ìgbà tí a ń fi pílánkì kan ilé náà. Kí a pa obì. Lẹ́yìn náà, baba fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe ọmọ tí ó rà á, ni kí ó la ẹnu sọ ohun tí ó tà, ẹni tí ó tà á fún, iye tí ó gbà, iye tí ó fi jì, àti ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ó mú kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà lé ọmọ lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ sọ pé inú òun kò dùn, kí ó sọ ọ́ níbẹ̀, níṣojú baba, kí baba sì dá a lóhùn. Mo mọ̀ pé ojú ń ti ọ̀pọ̀ ọmọ láti pe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rù kí a má baà pè wọ́n ní olójúkòkòrò. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá sọ lójú baba, ẹ̀yìn pósí rẹ̀ ni a ó ti sọ ọ́.

Bí òbí kò bá mọ̀wé, òfin tí ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé pàṣẹ pé kí ẹni tí ó kọ ìwé náà fún un kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Kí a sì ka ìwé náà fún òbí ní èdè tí ó gbọ́, kí a kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé a ti kà á, kí ó tó tẹ̀ka. Bí òbí bá ń ṣàìsàn, tí ìgbàgbé sì ti ń mú un, kí dókítà kọ̀wé pé ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé lọ́jọ́ náà. Kí baba sì ní agbẹjọ́rò tirẹ̀, tí kì í ṣe ti ọmọ. Àwọn ènìyàn wa ka èyí sí ìwọ̀sí, wọ́n á ní ṣé baba òun ọmọ ti di ọ̀tá ni. Agbẹjọ́rò kejì yìí gan-an ni yóò sì gba ọmọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ní ó fi àìsàn baba gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tí ó ṣì wà nínú ilé

Baba tí ó ta ilé kì í sábà kó jáde. Yàrá iwájú ni yóò máa sùn, ìloro ni yóò ti máa gba atẹ́gùn, àwọn ayálégbé yóò sì máa kí i bí onílé. Kí a kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ó ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, kí a dárúkọ yàrá náà, kí a sì sọ ẹni tí yóò máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé láti oṣù tí ó tẹ̀lé e. Bí baba bá ṣì ń gba owó ilé fún ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí ó tà á, tí ìwé kò sì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, kí ni a ó wí fún àbúrò tí ó bá ní kò sí ọjà kankan níbẹ̀?

Ti ìyá ló gba àròjinlẹ̀ jù. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń bá lọ, ilé-ẹjọ́ sì tẹnu mọ́ ọn ní ọdún 1957 nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu. Ìyá tí ó ti fi ogójì ọdún gbá ilé kan lè máa gbé ibẹ̀ lábẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá ti rà á, ẹnìkan ṣoṣo ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá tún ilé tà ńkọ́? Bí ó bá kú ṣáájú ìyá, tí ilé sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Kí a kọ orúkọ ìyá sínú ìwé pẹ̀lú ti baba, kí a má ṣe fi sílẹ̀ fún inú rere ẹnikẹ́ni.

Òkú pẹ̀lú wà nínú ilé. Ní ìlú wa, inú ilé tàbí àgbàlá ni a ti ń sin àgbà, sàréè tí a fi táìlì bò pẹ̀lú àwòrán olóògbé sì wà nínú ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Abẹ́òkúta. Ọmọ tí ó ra ilé ra ilẹ̀ tí ìyá àgbà sùn sí. Kò lè ní kí àwọn àbúrò má wá ṣe ìrántí níbẹ̀, kò sì yẹ kí ó lè ta ibẹ̀ fún àjèjì tí yóò hú u láti fi ṣe ilé ìtajà. Ìlà mẹ́ta nínú àdéhùn tó láti yanjú èyí: ibi tí sàréè wà, ọjọ́ tí ẹbí lè wọlé, àti pé bí a óò bá tún ilé náà tà, ẹbí ni kí a kọ́kọ́ fi lọ̀.

Ìjọba pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ sọ

Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti fìdí múlẹ̀, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, ẹni tí ó bá sì ní ìwé àṣẹ lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á tàbí fi tọrẹ láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Òfin náà kò yọ ọmọ sílẹ̀. Ẹjọ́ tí ó kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n ni ti Savannah Bank àti Ajilo ní ọdún 1989, níbi tí ẹni tí ó fi ilé dúró fún owó tí a yá ní báǹkì ti jàre báǹkì náà nítorí pé a kò gba ìyọ̀ǹda gómìnà, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó yẹ kí ó gbà á. Kí ọmọ má sì rò pé nítorí pé òun san mílíọ̀nù 10, orí mílíọ̀nù 10 ni ọ́fíìsì ilẹ̀ yóò ti ṣírò owó wọn: iye tí àwọn fúnra wọn bá dá lé ilé náà ni wọn yóò fi ṣe é, ẹ̀dínwó baba kò kàn wọ́n. Kí a fi owó yìí kún ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn Yorùbá tí òbí wọn ní ilé ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe irú ọjà yìí pẹ̀lú, owó orí ogún sì ni ẹ̀gún tiwọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun ìní olóògbé tí ó bá lé ní pọ́n-ùn 325,000 lè san ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tí ó lé. Ẹ̀dínwó tí òbí fún ọmọ jẹ́ ẹ̀bùn lójú òfin wọn. Bí òbí bá kú kí ọdún méje tó pé, wọn yóò kà á mọ́ ohun tí ó fi sílẹ̀. Èyí tí ó tilẹ̀ ń ya àwọn ènìyàn wa lẹ́nu jù ni pé bí òbí bá ṣì ń gbé inú ilé náà láìsan owó ilé tí ó tó, apá tí ó fi tọrẹ ṣì wà lórí rẹ̀ lójú agbowó-orí, bí ọdún náà tilẹ̀ di ogún. Yàrá tí a ní kí a fi sílẹ̀ fún baba ní Ìbàdàn láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ná ọmọ lówó.

Ìdánrawò

Opó kan ní Abẹ́òkúta kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ pẹ̀lú èrè òwò àdìrẹ, sórí ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ jogún láti ọ̀dọ̀ baba tirẹ̀. Sàréè ọkọ náà wà nínú àgbàlá. Ó ta ilé náà fún ọmọ rẹ̀ kẹta ní mílíọ̀nù 8 náírà, nígbà tí ọjà ń pè é ní mílíọ̀nù 20. Ọmọ náà san mílíọ̀nù 5, lójú àbúrò ìyá kan àti ayálégbé méjì, kí ìyá tó dákẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rin sẹ́yìn tí ọmọ àkọ́bí ti fi mílíọ̀nù 2 pààrọ̀ gbogbo òrùlé ilé náà, láìgba ìwé kankan. Bí a bá gbé ẹjọ́ náà wá síwájú rẹ, ta ni nínú ẹbí ọkọ ni ìwọ yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè, kí sì ni ìwọ yóò bi í?